Àfojúsùn Tó Ṣeé Kà: Ìlera àti Àlàáfíà Ẹran Ọ̀sìn láti Kétu dé Olú-ìlú

Àfojúsùn orílẹ̀-èdè lórí ìlera ẹran ọ̀sìn ni ìpinnu tí ìjọba ṣe tó sì fọwọ́ sí, pé àrùn báyìí gbọ́dọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, tàbí pé ìyà báyìí kò gbọdọ̀ jẹ ẹran mọ́, kó tó di ọdún báyìí. Nǹkan mẹ́rin ló ń sọ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ di àfojúsùn: orúkọ àrùn tàbí ìyà náà, iye tí wọ́n ń lé, ọjọ́ tó máa pé, àti ẹni tó máa sanwó rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ohun tó kù kò ju àdúrà lọ. Bí ìjọba bá ní òun yóò mú kí ìlera ẹran ọ̀sìn dára sí i, kò sí ẹni tó lè bi í léèrè lẹ́yìn ọdún márùn-ún bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣẹ tàbí kò ṣẹ. Ṣùgbọ́n bó bá ní ewúrẹ́ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ní kọmúùnù Kétu gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ kata, àrùn tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn, kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ṣeé lọ kà láti ilé dé ilé.

Kétu wà lórí ilẹ̀ olókè títẹ́jú ní gúúsù ìlà-oòrùn Benin, ní ẹkùn tí ìjọba ń pè ní Plateau, pẹ̀lú Pobè, Sakété, Adja-Ouèrè àti Ifangni. Ilẹ̀ pupa ni, òjò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹran ọ̀sìn kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ níbẹ̀. Ewúrẹ́ mẹ́ta, àgùntàn méjì, adìyẹ bíi mẹ́wàá lẹ́yìn ilé ni. Àwọn obìnrin ló ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń di owó ilé ìwé, owó oògùn àti owó ìnáwó lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé láìròtẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, agbo màlúù àwọn Fúlàní tó ní gáà nínú igbó wà, àti ti àwọn darandaran tó ń dà wọ́n kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹlẹ́dẹ̀ inú ọgbà àti adìyẹ inú ilé ńláńlá náà wà lẹ́bàá ọ̀nà. Bí àfojúsùn orílẹ̀-èdè bá wo agbo ńlá nìkan, ó ti fo ọ̀pọ̀ ilé ní Kétu, àrùn kì í sì í fo ilé kankan.

Àrùn tó kọ́ ayé ní iṣẹ́ yìí

Àrùn tó sọ ìlera ẹran di ọ̀rọ̀ ìjọba ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní rinderpest. Ní àwọn ọdún 1890 ó gba ilẹ̀ Áfíríkà kọjá, ó pa màlúù run, ebi sì pa àwọn tó ń fi màlúù jẹun. Ní 1920, màlúù tó ti Íńdíà ń lọ sí Brazil kan Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀m, ó sì fi àrùn náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù ba Yúróòpù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 1924, orílẹ̀-èdè 28 fọwọ́ sí ìwé ní Paris láti dá àjọ àgbáyé fún ìlera ẹranko sílẹ̀. OIE ni wọ́n ń pè é títí di 2022 tó di WOAH. Ní 1924 kan náà ni wọ́n dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom, nítòsí Jos ní Nàìjíríà, rinderpest yìí kan náà ló sì fà á.

Ìgbìyànjú ńlá àkọ́kọ́ láti lé e kúrò ní Áfíríkà ni ètò tí wọ́n pè ní JP15, láti 1962 sí 1976. Àjẹsára tó dára ti wà nígbà náà, iṣẹ́ Walter Plowright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Muguga ní Kenya, wọ́n sì gún màlúù lọ́pọ̀ mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n iye abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ni wọ́n ń kà. Nígbà tí àrùn náà di ohun tí ojú kò rí mọ́, owó dáwọ́ dúró, àwọn òṣìṣẹ́ sì túká. Iná kò tíì kú, ó wà lábẹ́ eérú ní àwọn ibi jíjìnnà tí abẹ́rẹ́ kò dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ó tún ru, ó sì ṣe àwọn darandaran Nàìjíríà àti ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́ṣẹ́ gidigidi.

Ètò tó tẹ̀ lé e, PARC, bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Ní 1994, FAO, àjọ oúnjẹ àti ọ̀gbìn àgbáyé, wá fi ọjọ́ sí i fún gbogbo ayé: 2010. Ìbéèrè yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, màlúù mélòó la gún ni wọ́n ń bèèrè; ní báyìí, ibo ni àrùn náà kù sí ni. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń ka abẹ́rẹ́ yóò máa gún èyí tó súnmọ́ títì, nítorí pé ibẹ̀ ni iye ti ń tètè pé. Ẹni tó ń wá àrùn ni yóò lọ sí ibi tí ọkọ̀ kò dé. Onímọ̀ kan, Jeffrey Mariner, ṣe àjẹsára tó lè pẹ́ láìsí yìnyín, wọ́n sì kọ́ àwọn darandaran fúnra wọn bí wọ́n ṣe máa gún un. Ẹfọ̀n igbó ní Kenya ni wọ́n ti rí àrùn náà kẹ́yìn, ní 2001. Ní 2011, FAO àti OIE kéde pé ó ti pa rẹ́ láyé. Òun nìkan ni àrùn ẹran tí ọmọ ènìyàn tíì pa rẹ́ rí.

Kata, àti ẹran àgbàsìn

Àrùn tó kàn ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà mọ̀ sí kata, tí Faransé ń pè ní peste des petits ruminants. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ló ń pa. Kì í ran ènìyàn. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ mọ̀lẹ́bí ti rinderpest àti ti èèyi tó ń ṣe ọmọdé. Côte d'Ivoire ni Gargadennec àti Lalanne ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1942, nítorí náà ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni nínú ìwé. Ewúrẹ́ tó bá kó o á dúró sójú kan, ara rẹ̀ á gbóná, etí á wálẹ̀. Omi á máa jáde lójú àti nímú, á gan, á sì lẹ ìpéǹpéjú pọ̀. Egbò á yọ sí ètè àti erìgì ìsàlẹ̀, ẹnu á máa rùn. Lẹ́yìn náà ìgbẹ́ gbuuru, lẹ́yìn náà ikọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lè má pé kó tó kú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ti aládùúgbò.

Ní Abidjan ní 2015, FAO àti OIE gbé ètò àgbáyé kalẹ̀ pé kí kata pa rẹ́ láyé kó tó di 2030. Ó ṣeé ṣe. Irú àjẹsára kan ṣoṣo ló ń kápá gbogbo ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì náà, abẹ́rẹ́ kan sì ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Èyí tí wọ́n lò jù lọ ń jẹ́ Nigeria 75/1, nítorí pé Nàìjíríà ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ṣe é, ní 1975. Ìṣòro rẹ̀ kò sí nínú ìgò. Ó wà nínú bí ewúrẹ́ ṣe ń wọlé tó sì ń jáde nínú agbo.

Ká ní ewúrẹ́ 100 wà ní abúlé kan, tí 80 nínú wọn gba abẹ́rẹ́ lónìí. Kí ọdún tó yípo, 30 ti lọ: wọ́n ti ta òmíràn, wọ́n ti pa òmíràn fún ìnáwó. Nínú 30 yìí, 24 ti gba abẹ́rẹ́. Ọmọ tuntun 30 ti bọ́ sí ipò wọn. Wàrà ìyá wọn dáàbò bò wọ́n fún bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ó sì tán. Nígbà náà, 56 péré ló kù tí àrùn kò lè mú nínú 100, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe kankan. Ìdí nìyí tí àfojúsùn fún ewúrẹ́ kò fi lè jọ ti màlúù, tó ń pẹ́ láyé. Iye ìgbà tí wọ́n máa padà wá ṣe pàtàkì bí iye tí wọ́n gún lọ́jọ́ kan.

Ṣáájú gbogbo èyí, ó yẹ kí wọ́n mọ ewúrẹ́ mélòó ló wà. Níbí ni àṣà àgbàsìn ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ẹnì kan ra abo ewúrẹ́, ó fi fún ẹlòmíràn sìn. Bó bá bí, wọ́n á pín ọmọ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ẹni tó ni í lè wà ní Pobè tàbí ní Cotonou, ẹni tó ń sìn ín wà ní abúlé. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá dé pẹ̀lú ìwé tó sì bèèrè pé mélòó ni ewúrẹ́ yín, obìnrin tó ń sin mẹ́rin lè dá a lóhùn pé òun ní ẹyọ kan, nítorí pé ẹyọ kan ni tirẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ni mẹ́ta tó kù kò sí nílé láti dáhùn. Bí wọ́n bá sì ní kó san owó abẹ́rẹ́, ó lè ní kí òun kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí olówó wọn. Ìwé ìbéèrè tó bá bèèrè pé ewúrẹ́ mélòó ló sùn sí àgbàlá yìí lánàá yóò rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ẹran yìí ti yọjú ní ibòmíràn. Àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu ti 2001 mú kí wọ́n pa ẹran tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2004 ìjọba ibẹ̀ gbé ètò orílẹ̀-èdè jáde lórí ìlera àti àlàáfíà ẹran. Kókó kan nínú rẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tó ni ẹran ni ojúṣe ti bẹ̀rẹ̀, kí ti ìjọba tó tẹ̀ lé e. Ìlànà tó dára ni. Bí wọ́n bá gbé e dé Kétu láìtún un ṣe, á já lé obìnrin tó ń sin ẹran ẹlẹ́ran lórí.

Yíyan èyí tó kàn

Kò sí ìjọba tó lè gbógun ti gbogbo àrùn lẹ́ẹ̀kan. Yíyàn ni iṣẹ́ náà, àwọn tó bá sì yàn án dáadáa máa ń wo ohun bíi mélòó kan papọ̀: bóyá ó ń pa ènìyàn, iye ilé tó ń sọ di aláìní, bóyá ohun èlò tó ṣiṣẹ́ wà, àti bóyá orílẹ̀-èdè kan lè dá a ṣe láìsí aládùúgbò rẹ̀.

Dìgbòlugi ló yẹ kó wà lókè ìwé gbogbo orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ni. Nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni wọ́n fojú bù pé ó ń pa lọ́dún láyé, ajá ló sì ń kó o ràn wọ́n nínú ọ̀pọ̀ jù lọ. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ajá tí wọ́n fura sí bù jẹ, bíi mẹ́rin jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15. Àfojúsùn àgbáyé ni pé kó má ṣe pa ẹnikẹ́ni mọ́ nípasẹ̀ ajá kó tó di 2030, ọ̀nà rẹ̀ sì hàn: kí ajá 70 nínú 100 máa gba abẹ́rẹ́. Mexico ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdáwọ́ dúró. Ní 2019 ni WHO jẹ́rìí sí i pé dìgbòlugi ajá kò pa ènìyàn mọ́ níbẹ̀. Ajá ọdẹ àti ajá agbo ní ìgbèríko Kétu ní olówó, wọ́n ní orúkọ, wọ́n sì ṣeé mú. Iṣẹ́ tó ṣeé ṣe ni.

Adìyẹ ìbílẹ̀ ni ẹran àwọn tí kò ní ẹran. Lúkúlúkú ló ń pa á, ìgbà ọyẹ́ sì ni ó máa ń le jù. Ó lè gbá gbogbo adìyẹ àgbàlá kan lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àjẹsára I-2, tí Peter Spradbrow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Queensland ní Australia, kò nílò abẹ́rẹ́, ó sì lè fara da ooru fún ìwọ̀nba ọjọ́. Iṣẹ́ náà rọrùn láti wò. Òwúrọ̀ kùtù, kí adìyẹ tó jáde, ọmọ ilé á na ọwọ́ sínú ilé adìyẹ, á mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ṣe é á dá orí adìyẹ sí ẹ̀gbẹ́, á kán ẹ̀kán kan sójú. Á dúró kí adìyẹ ṣẹ́jú kí oògùn náà lè wọlé, á sì jù ú sílẹ̀. Bó bá ti di oṣù mẹ́rin, wọ́n á tún un ṣe. Obìnrin tó mọ̀wé díẹ̀ ní abúlé lè ṣe é dáadáa lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó sábà máa ń pa irú ètò bẹ́ẹ̀ ni pé ìpín kejì kì í dé lásìkò. Ẹni tó kán an sójú adìyẹ lẹ́ẹ̀kan tó sì rí i pé wọ́n kú lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ yóò sọ fún àdúgbò pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì gbilẹ̀ ju ti rédíò lọ.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti Áfíríkà wọ Côte d'Ivoire ní 1996. Ní 1997 ó dé Benin, ó pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọdún 1997 kan náà ló rékọjá sí Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó sì wà lára ibi tó kọ́kọ́ kàn. Kò sí àjẹsára fún un nígbà náà, kò sì sí oògùn. Ohun tó ń gbé e kiri ni ìbẹ̀rù: ẹni tó rí i pé ẹlẹ́dẹ̀ méjì kú yóò sáré ta mẹ́wàá tó kù kí òfò tó pọ̀, ẹran náà á sì gbé àrùn lọ sí ìlú mìíràn. Nítorí náà, àfojúsùn fún ẹlẹ́dẹ̀ kò lè jẹ́ iye abẹ́rẹ́. Iye ọjọ́ láti ìgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́ kú sí ìgbà tí wọ́n fi tó dókítà ẹran létí ni ó yẹ kí wọ́n máa kà, àti iye àgbàlá tí ẹlẹ́dẹ̀ ti wà nínú ọgbà tí kì í jáde.

Ẹnubodè

Nígbà tí Kétu fi yàrà yí ara rẹ̀ ká, ẹnu ọ̀nà ìlú kan, Ìdènà, ni àlejò ń gbà wọlé, ó sì ṣeé ṣe láti mọ ohun tó wọlé. Ẹnubodè òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Kétu bá Nàìjíríà pàlà, àwọn ènìyàn ìhà méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyá, ewúrẹ́ tí wọ́n rà ní òwúrọ̀ lè sùn sí ìhà kejì ní alẹ́. Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020. Ẹran ṣì ń gba ojú ọ̀nà igbó.

ECOWAS ti ṣe ìwé fún ọ̀rọ̀ yìí láti 1998: darandaran tó bá fẹ́ sọdá gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó sọ iye ẹran rẹ̀, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gbà, àti ọ̀nà tó máa gbà. Ní ìparí 2019, lẹ́yìn ìjà àgbẹ̀ àti darandaran tó gba ẹ̀mí, ìjọba Benin fòfin de dída ẹran láti ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Ọdún yẹn náà ni òfin darandaran orílẹ̀-èdè náà, òfin 2018-20 ti 23 oṣù Kẹrin 2019, jáde. Ìdí tí wọ́n fi fòfin de dída ẹran wọlé yé gbogbo ẹni tó ti rí oko àgbàdo tí màlúù jẹ tán lóru kan. Ṣùgbọ́n ojú àrùn yàtọ̀ sí ojú ìjà. Agbo tó gba ojú títì kọjá ṣeé kà, ó ṣeé yẹ̀ wò, ó ṣeé gún. Agbo tó gba igbó kọjá lóru kò ṣeé rí. Nínú ètò ìlera ẹran, ohun tó yẹ kí wọ́n wọ̀n ni iye agbo tí dókítà ẹran rí, kì í ṣe iye tí wọ́n dá padà nìkan. Àfojúsùn tí Benin bá sì yàn fún kata tàbí fún ẹlẹ́dẹ̀ láìbá ìjọba Ògùn ní Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀, ìdajì ló yàn.

Àlàáfíà ẹran

Ìlera nìkan kò tó. Ẹran lè má ṣàìsàn kó sì máa jìyà. Ní 1965, ìgbìmọ̀ Brambell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ìyà ẹran oko ńláńlá wò. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni òmìnira márùn-ún tí wọ́n tò pọ̀ ní 1979 ti wá. Kí ebi àti òùngbẹ má pa ẹran. Kí ibi tó wà tù ú lára. Kí ìrora, ọgbẹ́ àti àrùn má jẹ ẹ́ níyà. Kó lè ṣe bí irú rẹ̀ ṣe ń ṣe. Kí ẹ̀rù má máa bà á ṣáá. Láti 2005 ni OIE, tó di WOAH, ti ní ìlànà lórí bí wọ́n ṣe ń gbé ẹran lọ àti bí wọ́n ṣe ń pa á, Ìṣọ̀kan Áfíríkà sì gbé ètò tirẹ̀ lórí àlàáfíà ẹran kalẹ̀ ní 2017.

Ní ọjọ́ ọjà, ìtumọ̀ rẹ̀ hàn ketekete. Ewúrẹ́ dé lẹ́yìn ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin so pọ̀, orí so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ooru eéfín ọ̀kadà ń fẹ́ sí i ní ikùn. Bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, kì í lè dìde lójú ẹsẹ̀. Okùn ti wọ awọ, ibi tí ó so ti wú. Adìyẹ mẹ́jọ sí méjìlá ń rọ̀ ní ọwọ́ ọ̀kadà, orí nísàlẹ̀, ẹnu wọn là nítorí òùngbẹ. Ẹni tó gbé wọn wá kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ọ̀nà tó ní ló gbà. Àwọn àgbà sì ti ní ohun tó sàn ju èyí lọ: àgò, tí wọ́n fi ọparun tàbí imọ̀ ọ̀pẹ hun, tí adìyẹ ń dúró nínú rẹ̀ tí atẹ́gùn sì ń gbà kọjá. Àfojúsùn tó sọ pé láàrin ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ sí adìyẹ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rọ̀ wọ ọjà kọmúùnù kò nílò ẹ̀rọ kankan láti òkèèrè. Àgò ló nílò, àti ibi omi lẹ́nu ọjà, àti òṣìṣẹ́ ìlú tó ń kà wọ́n láràárọ̀.

Ìyà mìíràn wà tí òfin tó dára ló ń fà á. Nígbà ìgbìn, ìlú máa ń ní kí wọ́n so ewúrẹ́ kí wọ́n má ba oko jẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn máa ń kúrú, igi tó so mọ́ lè má ní ibòòji, omi sì lè má dé títí ìyàwó ilé á fi ti oko dé. Ewúrẹ́ tí oòrùn pa bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan máa ń rù, ara rẹ̀ kì í sì í lè gbógun ti àrùn. Gbólóhùn kan tí wọ́n bá fi kún òfin ìlú, pé kí okùn gùn tó báyìí kí omi sì wà nítòsí, yóò ṣe ewúrẹ́ lóore ju ọ̀pọ̀ ìwé ńlá lọ.

Ní odò ẹran, ọ̀bẹ ni ọ̀rọ̀. Àwọn Mùsùlùmí Kétu mọ̀ pé ẹ̀sìn wọn ní kí ọ̀bẹ mú, kí wọ́n má sì pọ́n ọn lójú ẹran tí wọ́n fẹ́ pa. Ẹni tó bá ń kọ ìlànà orílẹ̀-èdè lórí pípa ẹran yóò rí i pé ìmọ̀ náà ti wà nílé.

Ibi tí àfojúsùn méjì ti ń kọlu ara wọn

Ètò ọ̀gbìn Benin fún 2017 sí 2025 ka ẹran, wàrà àti ẹyin mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ rántí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, nítorí kí wàrà lè pọ̀, wọ́n kó màlúù Girolando láti Brazil wá sí oko ìjọba ní Kpinnou, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi rí eégbọn tí kò sí ní Benin tẹ́lẹ̀, Rhipicephalus microplus, wọ́n sì so wíwá rẹ̀ mọ́ àwọn màlúù yẹn. Eégbọn yìí kì í bọ́ kúrò lára màlúù kan títí á fi dàgbà, ó ń gbé ibà ẹ̀jẹ̀ kiri, oògùn apaeégbọn tí wọ́n ń lò kì í sì í ràn án bó ṣe ń ran ti ìbílẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti tàn lọ sí àríwá pẹ̀lú agbo. Màlúù kúkúrú etí odò tí kò ní iké, tó ti mọ àrùn ilẹ̀ yìí lára láti ìrandíran, kì í fúnni ní wàrà púpọ̀. Nínú ìwé tó ń ka lítà wàrà nìkan, ìfaradà rẹ̀ kò ní àyè tí wọ́n máa kọ ọ́ sí.

Owó, ìròyìn àti ẹ̀jẹ̀ inú ìgò

Láti 2017, àwọn àjọ ATDA ló ń bójú tó ìdàgbàsókè ọ̀gbìn ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, Plateau sì ní tirẹ̀. Dókítà ẹran aládàáni tí ìjọba fún láṣẹ ló ń gún abẹ́rẹ́ ìjọba ní ọ̀pọ̀ ibi. Púpọ̀ nínú wọn kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àjùmọ̀ní tó wà ní Dakar láti 1968. Yunifásítì ọ̀gbìn ti orílẹ̀-èdè náà wà ní Kétu fúnra rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ẹran ọ̀sìn níbẹ̀. Àǹfààní ńlá nìyẹn: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí àti abúlé tí kò sẹ́ni tó tíì ka ewúrẹ́ rẹ̀ wà ní ibi kan náà.

Owó tó le jù láti rí ni owó gbà-má-bínú. Bí ibà ẹyẹ bá dé, tí wọ́n ní kí ọlọ́sìn pa gbogbo adìyẹ rẹ̀, iye tí wọ́n máa san ló máa pinnu bóyá yóò sọ òtítọ́. Nàìjíríà rí i ní 2006: iye tí wọ́n kọ́kọ́ san kéré sí iye ọjà, àwọn kan sì ń yára ta adìyẹ wọn dípò kí wọ́n fi ẹjọ́ sùn. Benin náà rí ibà ẹyẹ ní 2007. Àpò owó tó wà nílẹ̀ kí àrùn tó dé ń mú ìròyìn yá ju ìhalẹ̀ òfin lọ.

Ìròyìn sì gbọ́dọ̀ rìn. Bí orílẹ̀-èdè bá ti mọ̀ dájú pé irú àrùn báyìí bẹ́ sílẹ̀, wákàtí 24 ni WOAH fún un láti sọ. Láti ẹ̀yìn ilé kan ní Idigny, ní kọmúùnù Kétu, ọ̀rọ̀ á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gún ẹran lábúlé, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé kọmúùnù, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi imú ewúrẹ́ á sì lọ sínú yìnyín dé ilé ìwádìí ní Parakou, kó tó kan Cotonou àti Paris. Ibi tí ọ̀nà náà ti sábà ń já ni ìpadàbọ̀. Obìnrin tó jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ rẹ̀ kì í gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Bí wọ́n bá tún dé lọ́dún tó ń bọ̀, á ti so ewúrẹ́ mọ́nú oko kí wọ́n má rí i. Ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ padà dé ọwọ́ rẹ̀ yẹ kó wà nínú àfojúsùn pẹ̀lú ọjọ́ yòókù.

Bí 2030 bá dé, orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ pé kata kò sí níbẹ̀ mọ́ yóò fi hàn pé fún oṣù 24 gbáko, kò sí ẹran kankan tó kó o, wọn kò sì gún ẹran kankan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Wọ́n á wo ìwé ìròyìn oṣooṣù, wọ́n á wo èsì ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ tí a bí lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ dáwọ́ dúró, tí ààbò wàrà ìyá rẹ̀ sì ti tán, nítorí pé bí ààbò kata bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ irú ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀, àrùn ló fún un. Ewúrẹ́ àgbàsìn kan ṣoṣo tí kò sí nínú ìwé, tó ń hukọ́ lẹ́yìn ilé kan lẹ́bàá ẹnubodè, lè dá kíkà náà padà sí oṣù àkọ́kọ́.